Ìsinmi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Kí wọ́n tó wọ bàálù rárá ni ìyá wọn ti pè mí pé òun kò tí ì sọ fún wọn. Ohun tó sọ fún àwọn ọmọ náà ni pé wọ́n ń bọ̀ wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ Gíráńmà ní Ìlọrin, pé tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé padà, òun á wá mú wọn. Mo bi í pé ṣé kò ní í wá mú wọn ni? Ó ní ọdún méjì ni, Màmá, ọdún méjì péré, kí òun fi parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí òun ń ṣe.

Òun nìkan lọ́mọbìnrin tí mo bí. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sí ìlú òyìnbó, ibẹ̀ ló sì bí àwọn ọmọ méjèèjì sí, obìnrin làwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, ọkọ náà kó jáde, ó lọ ń gbé ìlú mìíràn, ó sì ku ìyá nìkan pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Nígbà mìíràn á jáde láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé, ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń ṣọ́ àbúrò títí ìyá wọn á fi wọlé. Aládùúgbò kan lọ sọ fáwọn ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣì ń padà bọ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ mi. Ó ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sì wá sí i lọ́kàn kò ju pé kó kó wọn wá bá mi.

Mi ò dá a lẹ́bi nígbà náà, mi ò sì dá a lẹ́bi báyìí. Inú mi tiẹ̀ dùn. Olùkọ́ ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, àmọ́ Tanke, níbí ní Ìlọrin, ni èmi àti olóògbé ọkọ mi kọ́lé sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì ń gbé àwọn yàrá ẹ̀yìnkùlé wa. Mo rò pé kò sí irú ọmọ tí mi ò tí ì rí. Mo kun yàrá kan, mo ra bẹ́ẹ̀dì méjì, mo so àwọ̀n ẹ̀fọn sí i, mo sì ní lọ́kàn ara mi pé láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ yìí á ti di ọmọ ilé.

Ìyá wọn ló mú wọn wá. Ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ jọ ti ọkọ mi débi pé mo ní láti wo ibòmíràn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ó ń jẹ àtàǹpàkò. Ìyá wọn lo ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí yóò padà, ó fà mí wọ kíṣìnì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ilé. Tí ara wọn bá ti balẹ̀, èmi fúnra mi á sọ ọ́ lórí fóònù."

Mo ní kó má ṣèyọnu. Èmi tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi dìde dúró kí wọ́n sọ òótọ́ níwájú ẹgbẹ́ wọn. Ó jáde, ó gbá àwọn ọmọ náà mọ́ra, ó ní kí wọ́n gbádùn ìsinmi wọn, ó sì wọ ọkọ̀. Àbúrò ké díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n juwọ́ sí i, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi yà ní ìkóríta.

Àbúrò kò fún mi ní wàhálà kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ẹ̀yìnkùlé gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń dirun fún un, wọ́n ń gbé e lọ ra búrẹ́dì, wọ́n ń kọ́ ọ lórin. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó ti ń pariwo "Wọ́n ti mú iná wá!" pẹ̀lú gbogbo àdúgbò nígbà tí iná bá dé. Ẹ̀gbọ́n ló ṣòro. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ìpáǹle. Ì bá tiẹ̀ sàn fún mi kó máa ṣe é. Ó kàn ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni tó dé sí òtẹ́ẹ̀lì. Kò kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú àpótí. Mo ní kó wá kó wọn sí wọ́dúróòbù, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé ẹ ṣeun, kò pọn dandan. Oúnjẹ tí mo bá gbé sílẹ̀, á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, á dúpẹ́, á gbé abọ́ lọ fọ̀. Ooru ń mú un, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò ráhùn. Mo din ọ̀dùnkún fún un, mo se sìpàgẹ́tì, mo wá kọnfíléèsì irú èyí tó máa ń jẹ lọ́hùn-ún. Ó jẹ ẹ́. Ó dúpẹ́.

Ohun kan wà tí mo ṣe láàárín àkókò yẹn tí mo ṣì máa ń rántí. A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyàwó pásítọ̀ sì wá kí wa. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i, ó wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "hẹ̀lóò". Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ìwà ọmọlúàbí gan-an ló rò pé òun ń hù. Ojú tì mí. Mo gbá a lọ́wọ́ kúrò, mo sì ní kó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ní kò tó bẹ́ẹ̀, Mọ́mì, ọmọ kékeré ni, á kọ́ ọ. Nígbà tí a délé, ọmọ náà bi mí kí ni òun ṣe tí kò dáa. Mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ nílẹ̀ wa. Ó gbọ́, ó mi orí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó kúnlẹ̀ fún bíríkìlà, ó kúnlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀yìnkùlé tí kò fi ọdún méje jù ú lọ, á sì máa wo ojú mi bóyá òun ṣe é dáadáa. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù láìjẹ́ pé mo tún bà á nínú jẹ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i tó rẹ́rìn-ín dénú ní gbogbo ìsinmi yẹn. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní oko ní Òkè-Oyì, ó sì ní kí n kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n ń wú ẹ̀pà. Ẹ̀gbọ́n dúró, ó ń wò ó. Arábìnrin náà ní kí òun náà fà á wò. Ó di ewé ẹ̀pà kan mú, ó fà á, gbogbo ẹ̀pà náà bá a jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Ó kígbe. Ó ní orí igi ni òun rò pé ẹ̀pà ti ń so. Ó tún fa òmíràn, ó tún fa òmíràn, títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi pọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ náà, ó ń jẹ ẹ̀pà tútù, àbúrò rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ibẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ó gbé orí lé èjìká mi, ó sì bi mí bóyá òun lè mú díẹ̀ nínú ẹ̀pà náà dání pẹ̀lú ewé rẹ̀, kí òun fi han olùkọ́ òun tí ilé-ìwé bá wọlé.

Mo ní, "O lè mú un."

Títí di ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ló pa irọ́. Láti inú ọkọ̀ yẹn lọ, ó ti di tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń parí lọ. Ìyá wọn ń pè lójoojúmọ́, ó sì ń sún ọjọ́ tí yóò sọ òótọ́ fún wọn síwájú lójoojúmọ́. Tó bá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ tán, á ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi, èmi àti òun á wá máa sọ ọ̀rọ̀ wa ní Yorùbá. Kò sí ìdí tí a fi ní láti wọ yàrá lọ, a kàn ń sọ ọ́ níbẹ̀ lórí àga pálọ̀, ẹ̀gbọ́n á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní, Màmá, ṣé ẹ ti wá ilé-ìwé fún wọn? Èmi á ní mo ti wá a. Á ní, ṣé kò fura? Èmi á ní kò fura o.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-ìwé wọlé ní Ìlọrin, mo sọ fún wọn pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ṣì wà níbí, wọ́n á máa lọ sí ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò fò sókè. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ní ó dáa. Mo kó wọn lọ sí ọjà ní Post Office, a ra bàtà dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ àti ìwé, a wá a lọ wá a bọ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí a padà sí Tanke, a yà lọ́dọ̀ télọ̀ tó ń rán aṣọ fún mi, ìyá Mùsùlùmí kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé wa. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, obìnrin náà ń fi téèpù yí i ká.

Télọ̀ ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi àyè sí i. Ọmọ yìí ṣì ń ga."

Mo ní, "Fi àyè sí i dáadáa. Ọdún méjì ni yóò lò níbí."

Ó bọ́ lẹ́nu mi bí ọ̀rọ̀ lásán. Mi ò tiẹ̀ wo ọmọ náà. Nígbà tí mo wá wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà, ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó ṣeun tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo sùn díẹ̀. Nígbà tí mo jí, àbúrò wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n kò sí. Mo pè é, kò jẹ́. Mo wọ yàrá wọn, àpótí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ báàgì tó máa ń kọ́ sẹ́yìn kò sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pín ara wọn, àwọn kan gba ọ̀nà yunifásítì, àwọn kan gba ọ̀nà ọjà. Èmi dúró sí géètì, mi ò lè rìn, mi ò lè jókòó. Mo mú fóònù lọ́wọ́ kí n pe ìyá rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kí ni yóò ṣe láti ibi tó wà? Mo fi fóònù sínú àpò padà. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ kúrò lórí mi, mo kàn ń pe orúkọ Jésù, mo ń pè é, mo ń pè é.

Ó ti tó wákàtí méjì kí kẹ̀kẹ́ kan tó dúró níwájú ilé. Ọmọ náà ló wà lẹ́yìn. Ọkùnrin tó wà á sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó bèèrè bóyá ọmọ mi ni. Ó ní Post Office ni òun ti rí i, tó ń bi àwọn oníkẹ̀kẹ́ pé èwo ló ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú nínú wọn. Bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ibí, òun sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ilé han òun.

Ó ní, "Ìyá, mo bí ọmọbìnrin tó tó báyìí. Mi ò lè gbé e lọ síbi tó ní kí n gbé òun lọ. Ẹ má nà án o, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é."

Mo ní mi ò ní í nà án. Mo ní kó wọlé wá mu omi, ó ní kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí i, ó wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo mú ọmọ náà wọ pálọ̀. Mo jókòó, ó dúró. Mo ti ṣí ẹnu láti bá a wí, mo ti ní "Ṣé o mọ̀ pé..." ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ní, "Gíráńmà, mo ń gbọ́ Yorùbá."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa lórí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó yé mi kedere. Mo bi í pé láti ìgbà wo? Ó ní ìyá òun ń sọ ọ́ nílé láti kékeré, òun kàn kì í fi dáhùn ni. Ó ní gbogbo ohun tí èmi àti ìyá òun ń sọ lórí fóònù ni òun ń gbọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí ìyá òun ti lọ ni òun ti mọ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó ní, "Mò ń dúró kí o sọ fún mi."

"Kí o sọ" ló wí, kò wí pé "kí ẹ sọ", nítorí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò tún un ṣe. Mo rántí ẹ̀pà Òkè-Oyì, mo wá mọ̀ pé nígbà tó ń bi mí nínú ọkọ̀, ó ti mọ ìdáhùn. Ó ń fún mi láyè ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí, lẹ́yìn náà ó lọ bu omi wá fún mi nínú kọ́ọ̀pù. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú. Ó ní ó dáa. Gbogbo ohun tí mo bá ti sọ fún ọmọ yẹn, ó dáa náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ìyá rẹ̀. Ó sọkún lórí fóònù títí mi ò fi gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi orí pé òun kò gbà á. Mo gbé fóònù náà síwájú rẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó dìde, ó bọ́ sí ìta. Oṣù méjì gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń pè, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé kó ní sùúrù. Èmi ni mo wà láàárín wọn, kò sì sí ohun tí mo lè fà, kò sí ohun tí mo lè tì.

Ilé-ìwé wọlé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Òyìnbó, wọ́n ń sín in jẹ. Tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè, gbogbo kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó parí. Kò sọ fún mi. Olùkọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ní kí n wá. Ohun tó sì tìtorí ẹ̀ pè mí kọ́ nìyẹn. Ó na gbogbo kíláàsì nítorí ariwo, nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n, kò na ọwọ́ sílẹ̀. Ó bi olùkọ́ pé kí ni òun ṣe, nígbà tí òun kò pariwo. Olùkọ́ náà kò burú, ó bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, ó pè mí ní Mà. Ó ní, Mà, ọmọ náà lọ́pọlọ, àmọ́ ó máa ń wo àgbà lójú, á sì máa bèèrè ìdí. Ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀ nílé.

Mo jókòó sórí àga òbí, mo ń gbọ́ ọ. Mélòó mélòó ni irú ọ̀rọ̀ yẹn tí mo ti sọ fún òbí láti ìhà kejì tábìlì? Mo mọ ìyókù rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ọmọ náà ló máa padà jókòó sínú kíláàsì yẹn lọ́la, kì í ṣe èmi. Mo ní ẹ ṣeun, mo máa bá a sọ̀rọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ní kó máa wo ilẹ̀ tí olùkọ́ bá ń bá a wí, kó má bèèrè ìdí. Ó ní, "Ó dáa, mà."

Ibà mú un nínú oṣù kọkànlá. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí i lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ ń ṣe bákan, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe ìyá rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó já a gbà. Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo gbé fóònù náà sórí pílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ó sá wọ ibì kan tó há, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin kan fún un, orin ọmọdé tí mi ò mọ̀. Ọmọ náà dákẹ́. Ó yí ojú sí fóònù, ó sùn. Mo jókòó sórí àga onírin, mo ń gbọ́ orin náà títí bátìrì fi kú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ padà.

Ọdún méjì ti pé, ó sì ti lé. Tí ẹ bá wo ẹ̀gbọ́n báyìí, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe Ìlọrin ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ àdúgbò, ó ń ná ọjà, ó ń wọ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Nínú kíláàsì, ipò kẹta ló ṣe. Olùkọ́ tó pè mí nígbà yẹn ló sọ fún mi ní ìpàdé òbí pé ọmọ náà ti yí padà pátápátá, pé ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń kí mi bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́. Àmọ́ èmi tí mò ń bá a gbé mọ̀ pé kò bèèrè ìdí ohunkóhun mọ́. Tí mo bá ní kó sùn, á sùn. Tí mo bá ní a ò ní í jáde mọ́, á bọ́ aṣọ. Mi ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ló balẹ̀ tàbí ó kàn ti sú u. Mo ti gbé e yẹ̀ wò lọ́pọ̀lọpọ̀, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dá méjèèjì mọ̀.

Àbúrò ní tirẹ̀ ń pè mí ní Mọ́mì. Mo kọ́kọ́ ń tún un ṣe, nígbà tó yá mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ pè, ọmọ náà gbé fóònù, ó sì pariwo sí mi ní kíṣìnì pé, "Mọ́mì, àǹtí tó ń gbé lókè òkun ló ń pè." Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo gba fóònù, kò sọkún, ó kàn bi mí bóyá ọmọ náà ti jẹun.

Oṣù Kejìlá tó kọjá, ó rí àyè wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti rò ó lóríṣiríṣi bí yóò ṣe rí, mi ò rò ó bó ṣe padà rí. Ẹ̀gbọ́n kí i, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ fún un, ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá bi í bóyá yóò jẹun kó tó wẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó bá wẹ̀ tán. Bí a ṣe ń ṣe àlejò ni. Ọmọ mi wò mí, mo gbé ojú sá. Ó kó ẹ̀bùn rẹpẹtẹ wá, aṣọ tó rà fún ẹ̀gbọ́n kéré, ó rà á bí ẹni pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣì ni. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́, ó fún àbúrò rẹ̀, ó ní yóò wọ̀ ọ́ tó bá dàgbà.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó padà, a jókòó ní fàráńdà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àgbà, torí mo ti ń ka ẹ̀gbọ́n mọ́ àgbà. Ìyá rẹ̀ ní òun ti parí ẹ̀kọ́ náà, òun ti rí ilé tó ní yàrá méjì, tí gbogbo ìwé bá pé, ní ìparí ọdún ilé-ìwé yìí òun á wá kó wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ má ṣèlérí fún mi, Mọ́mì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn. Ìyá rẹ̀ ní òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi orí pé òun gbọ́. Ó dìde lọ wo àbúrò rẹ̀ tó ń ṣeré nínú iyanrìn.

Ìwé náà ti pé báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi pè mí, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, mo gbọ́ méjèèjì lóhùn rẹ̀. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ara òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ṣe bí òun ṣe ṣe nígbà kìíní. Ó ní kí n bá òun bi ẹ̀gbọ́n bóyá ó fẹ́ lọ, torí èmi ni yóò sọ òótọ́ fún.

Èmi ni yóò sọ òótọ́ fún. Mo ní mo gbọ́, mo máa bi í. Ọjọ́ mẹ́jọ nìyí. Tó bá ní òun fẹ́ lọ, ilé-ìwé mìíràn náà nìyẹn, àwọn ọmọ mìíràn tí yóò máa rẹ́rìn-ín nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ tó ti fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀. Àbúrò yóò tẹ̀ lé àǹtí kan lọ. Tó bá sì ní òun kò lọ, kí ni mo máa wí fún ìyá rẹ̀? Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún mi kò gbà mí mọ́ láti gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó sì ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kó wo ilẹ̀, kó ní, "Ó dáa, mà, ohun tí ẹ bá fẹ́."

Láàárọ̀ yìí, ó gbé tíì wá bá mi, ó bi mí bóyá mo sun oorun dáadáa. Mo ní mo sùn ún. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó rò pé mo ní nǹkan láti sọ. Mo ní kó má jẹ́ kí ilé-ìwé pẹ́ ẹ. Ó mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Mi ò tí ì bi í.